Wáìnì Pupa Ilẹ̀ Faransé Lẹ́nu Ọmọ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ wáìnì ni, wáìnì pupa, àní èyí tí ó ti ilẹ̀ Faransé wá. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan bi mí pé kí ni ó pa olùkọ́ èdè pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ọtí. Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹnu kan náà tí a fi ń tọ́ nǹkan wò ni a fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá mu ọtí tán, tí kò sì lè sọ ju pé "ó dára" tàbí "kò dára" lọ, mímu ni ó mu ún. Kò tíì tọ́ ọ wò. Títọ́ nǹkan wò kò pé títí a ó fi rí ọ̀rọ̀ tí ó bá ohun tí ẹnu gbọ́ mu. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti Ọ̀tà bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti sún mọ́ wa gidigidi. Ìlú àwọn Àwórì ni Ọ̀tà, ìlú Ọlọ́tà, ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba Ṣàngó-Ọ̀tà kọjá ní ayé òde òní, ilé-iṣẹ́ àti ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò kọ́kọ́ rí. Àwọn tí ń pọn ọtí wà nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí. Níbẹ̀ ni Nigeria Distilleries wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1961; àgbègbè kan náà ni Intercontinental Distillers wà. Ṣínáàpù Seaman's àti Eagle tí àwọn àgbà fi ń wúre níbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó, apá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jáde wá.

Láti Ṣàngó kan náà ni ọ̀nà ti yà gba inú Ọ̀tà lọ sí Ìdí-Ìrókò. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ọ̀nà náà dé ẹnubodè tí ó sì ré e kọjá, ó ti wọ orílẹ̀-èdè Benin, tí a ń pè ní Dahomey títí di 1975, ilẹ̀ tí àwọn Faransé ṣe àkóso rẹ̀ títí di 1960. Ọmọ Yorùbá ni àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tí wọ́n wà níbẹ̀. Yorùbá sì pọ̀ ní Àjàṣẹ́. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wa ní bíà àti wísíkì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Faransé kọ́ wọn ní wáìnì. Kódà ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu pọn níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní sodabi, ìtàn rẹ̀ kan ilẹ̀ Faransé. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ni pé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sodabi, tí ó lọ jagun ní ilẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, rí bí wọ́n ti ń pọn ọtí líle láti inú wáìnì, ó sì padà wálé fi ẹmu dán an wò.

Nítorí náà, kì í ṣe ohun ìyanu pé ìgò wáìnì pupa wà lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù ní Ṣàngó, tí a sì ń rí i lórí tábìlì níbi àsè ìgbéyàwó. Ohun tí ó yẹ kí a bojú wò ni bí a ti ń yàn án. Àwọn kan ń wo bí ìgò ti wúwo tó. Àwọn kan ń wo àwòrán ilé ńlá tí ó wà lára ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ìgò. Iye owó ni ọ̀pọ̀ ń wò. Ṣùgbọ́n ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó ká mi lára jù, àwọn tí wọ́n máa ń sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ wáìnì kò ṣeé sọ ní Yorùbá, pé Yorùbá kò ní ju dídùn, kíkan àti kíkorò lọ. Wọn a ṣí ìwé òyìnbó, wọn a sì kọ́ ọ sórí pé wáìnì báyìí ń ta sánsán bí cassis, pé tọ̀hún dà bí mûre. Bí mo bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti fi ojú rí èso cassis rí, wọn a dákẹ́. Báwo ni ènìyàn ṣe lè jẹ́rìí sí òórùn tí imú rẹ̀ kò bá pàdé rí?

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé èdè Yorùbá tó ọ̀rọ̀ yìí sọ, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́ wáìnì wò pẹ̀lú òtítọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ti mọ̀ láti kékeré ni ó yẹ kí ó fi sọ ọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí àwọn Faransé fúnra wọn ń lò. Ọ̀pọ̀ rò pé wọ́n ní àkànṣe èdè kan tí ó ti ọ̀run sọ̀kalẹ̀ fún wọn nítorí wáìnì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọ̀ wáìnì ni wọ́n ń pè ní robe. Aṣọ ni robe ń jẹ́. Òórùn rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní nez. Imú ni nez. Omi tí ó ń ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára ife lẹ́yìn tí a bá ti fì í, larmes tàbí jambes ni wọ́n ń pè é, èyíinì ni omijé tàbí ẹsẹ̀. Wáìnì tí ó bá kún ẹnu dáadáa, wọn a ní ó ní corps, pé ó ní ara. Èyí tí ó bá dúró ṣinṣin, wọn a ní ó jẹ́ charpenté, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ káfíńtà tí ń kan igi òrùlé. Aṣọ, imú, omijé, ẹsẹ̀, ara, òrùlé: èwo nínú wọn ni Yorùbá kò ní? Àwọn Faransé mú ọ̀rọ̀ inú ilé àti ọ̀rọ̀ ara ènìyàn, wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan, wọ́n sì ń lò wọ́n bẹ́ẹ̀ títí tí gbogbo àwọn oníṣẹ́ náà fi gbà á. Nígbà tí Émile Peynaud, gbajúmọ̀ onímọ̀ wáìnì ará Bordeaux, kọ ìwé rẹ̀ Le Goût du vin jáde ní 1980, kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàpèjúwe. Ó yà á sọ́tọ̀ bí apá kan iṣẹ́ náà.

Ẹ sì tún wo bí wọ́n ti ṣe nígbà tí wọ́n bá ohun mímu tiwa pàdé. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, tẹ ìwé rẹ̀ nípa ọ̀mu-ẹmu jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Ní 1953 ni Raymond Queneau túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé. Èdè Faransé kò wí pé òun kò ní ọ̀rọ̀ fún ẹmu. Vin de palme ni ó pè é, wáìnì ọ̀pẹ, ọ̀rọ̀ sì parí. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, èyí tí ó pé lódindi ní 1884, kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n mú àjàrà, wọ́n mú ọtí-wáìnì, a sì ti ń kà á láti ìgbà náà láìsí ìdààmú. Inú Bíbélì yẹn kan náà, ní Kánà ti Gálílì, ni a ti rí olórí àsè tí ó tọ́ wáìnì wò láìmọ ibi tí ó ti wá, tí ó sì sọ èrò rẹ̀. Ọ̀nà tí ó yẹ kí a máa gbà tọ́ wáìnì wò gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n a ó padà sórí èyí.

Kí a tó gbé ife, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹmu ni mo rí tí ó yá jù láti fi ṣàlàyé. Bí adẹ́mu bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹmu kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ, ó dùn bí omi ṣúgà. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà tí a kò lè fi ojú lásán rí ti wà nínú rẹ̀, ó ń jẹ ṣúgà náà, ó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Títí di ìrọ̀lẹ́ ẹmu ti le. Bí ó bá di ọ̀túnla, ó ti kan. Louis Pasteur, ará Faransé, ni ó fi ìdí iṣẹ́ ìwúkàrà yìí múlẹ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ lórí wáìnì jáde ní 1866. Bákan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí omi èso àjàrà, àfi pé ti àjàrà kì í yára tó bẹ́ẹ̀, ọtí inú rẹ̀ sì máa ń wà láàrin 12 sí 15 nínú 100. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bí a bá fún èso àjàrà dúdú, omi tí ó máa ń jáde lára púpọ̀ nínú wọn kò pupa. Ara èèpo ni àwọ̀ pupa wà. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe wáìnì pupa gbọ́dọ̀ jẹ́ kí èèpo àti kóró bá omi gbé fún ọjọ́ púpọ̀. Ara èèpo àti kóró yìí náà ni ohun tí a ń pè ní tánìnì ti ń wá. Lẹ́yìn náà ni a lè rọ ọ́ sínú àgbá tí a fi igi óákù ṣe, kí ó wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, nígbà mìíràn ju ọdún kan lọ.

Wàyí o, a ti bu wáìnì. Kí ó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta ife lọ. Ẹ gbé ife náà sókè aṣọ funfun kí ẹ sì wo etí rẹ̀, níbi tí wáìnì ti fẹ́lẹ́. Wáìnì tí kò tíì gbó máa ń ní àwọ̀ elésè-àlùkò ní etí ife. Bí ó bá ti ń dàgbà, etí náà a máa di rúsúrúsú, bí osùn tí ó ti pẹ́ lára ògiri. Èyí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí a má ṣe jókòó ti ojú.

Imú ni kí a jókòó tì. Yorùbá kì í wí pé òun rí òórùn. A ń gbọ́ òórùn ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà tí a fi ń gbọ́ ohùn, tí a fi ń gbọ́ èdè, tí a fi ń gbọ́ àlàyé kí ó yé wa, ni a fi ń gbọ́ òórùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ya gbogbo wọn sọ́tọ̀. Sentir ti Faransé ń ṣiṣẹ́ fún gbígbọ́ òórùn àti fún ohun tí ara bá mọ̀, ṣùgbọ́n etí kò sí níbẹ̀. Mo rò pé àǹfààní ni èyí jẹ́ fún wa. Ẹni tí ó ń gbọ́ nǹkan mọ̀ pé ó yẹ kí òun dákẹ́, kí òun fetí sílẹ̀, kí òun sì dúró kí ọ̀rọ̀ parí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ṣe sí ife wáìnì. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ó dúró jẹ́ẹ́. Ẹ rọra fì í yípo, kí ẹ sì tún gbọ́ ọ. Fífì yìí ń jẹ́ kí òórùn gbéra nínú ọtí ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ife yípo bí ẹni tí ń lu agogo láti ìbẹ̀rẹ̀ àsè títí dé òpin rẹ̀. Ìran ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ má tíì wá orúkọ. Ẹ bi ara yín pé: ṣé èso ni mo gbọ́ ni, àbí ewé, àbí igi, àbí ilẹ̀? Bí ó bá jẹ́ èso, ṣé tútù ni tàbí èyí tí a ti sè pẹ̀lú ṣúgà? Ṣé ó sún mọ́ èèpo àgbálùmọ̀ tí ó pọ́n dáadáa? Bí igi bá wà níbẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún kànnáfùrù. Èyí kì í ṣe àfiwé lásán: èròjà tí ó mú kànnáfùrù ta sánsán wà nínú igi óákù tí a ti fi iná yá, ó sì máa ń ti ara àgbá wọ inú wáìnì. Bákan náà, àwọn wáìnì tí a fi àjàrà Syrah ṣe sábà máa ń rùn bí ata dúdú àwọn òyìnbó, tí ó jẹ́ ìbátan iyèré wa. Ní 2008 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Australia fi hàn pé èròjà kan náà, rotundone, ni ó wà nínú àwọn méjèèjì. Ẹ kò rí i pé ìyá tí ó ń ta èròjà ọbẹ̀ lọ́jà ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí? Wáìnì tí ó ti gbó a máa mú òórùn ewé tábà wá, tàbí ti awọ ní ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, tàbí ti olú àti ewé jíjẹrà nínú igbó lẹ́yìn òjò. Bí ó bá rùn bí aṣọ tí kò gbẹ tí a ká pamọ́ sínú àpótí, ìdérí rẹ̀ ni ó bà á jẹ́. Kò sí ẹ̀bi lọ́dọ̀ ẹni tí kò mu ún. Nítorí irú èyí ni olùgbàlejò ní ilẹ̀ Faransé fi máa ń kọ́kọ́ bu díẹ̀ tọ́ wò kí ó tó bu fún àlejò. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó gbé ẹmu wá náà ni ó ń kọ́kọ́ mu, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀. Ìdí kò jọra, ìwà náà jọra.

Ẹ jẹ́ kí a fi í sí ẹnu wàyí. Ẹ mú díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó kárí ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dídùn, kíkan àti kíkorò ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń kà fún mi, wọ́n sì rò pé ó tán. Ṣùgbọ́n ohun kẹrin ni ó ya wáìnì pupa sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá jẹ èso kajú rí, tàbí tí ó bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n jẹ, tàbí tí ó mu tíì tí ó dúdú láìsí mílíìkì, ó mọ̀ ọ́n: ẹnu a gbẹ, ahọ́n a ṣe ṣákiṣàki, ẹ̀rẹ̀kẹ́ a fẹ́ lẹ̀ mọ́ eyín. Obì náà ní in. Tánìnì nìyẹn. Ó ń lẹ̀ mọ́ èròjà amáradàgbà tí ó wà nínú itọ́, itọ́ kò sì lè mú ẹnu yọ̀ mọ́. Nítorí náà, ọwọ́ ni ó ń fi kàn wá. Kì í ṣe adùn. Yorùbá kò sì da gbígbẹ ẹnu pọ̀ mọ́ kíkorò. Ewúro korò ṣùgbọ́n kì í gbẹ ẹnu bẹ́ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n ń gbẹ ẹnu láìkorò tó ewúro. Orógbó mú ìkorò dé ná, lẹ́yìn rẹ̀ ni adùn díẹ̀ ń yọ bí a bá ń jẹ ẹ́ lọ. Ọmọ tí a fi ewúro, obì àti orógbó tọ́ dàgbà kò níláti bẹ̀rù wáìnì kankan. Àwọn tí kò mọ̀ ju ohun dídùn lọ ni iṣẹ́ pọ̀ fún.

Lẹ́yìn gbígbẹ, ẹ wo bí ó ti nípọn tó. Ọbẹ̀ a máa ki, ọbẹ̀ a sì máa ṣàn. Bẹ́ẹ̀ ni wáìnì. Ẹ wo bí ó ti rí lára ahọ́n: ṣé ó kúnná bí ẹ̀kọ tí a sẹ́ dáadáa, àbí ó ní ṣákiṣàki? Ṣé ó ń ta ọ̀fun nítorí ọtí inú rẹ̀? Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tu ú dànù, kí ẹ sì kà á nínú ọkàn yín bí adùn rẹ̀ ti pẹ́ tó lẹ́nu. Wáìnì tí kò níláárí a lọ ní kíá. Bẹ́ẹ̀ ni, títu dànù ni àwọn tí ń fi èyí ṣe iṣẹ́ ń ṣe, nítorí pé ẹni tí ó ní ogójì ìgò láti tọ́ wò ní òwúrọ̀ kan kò gbọdọ̀ gbé wọn mì.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì bá mi gbé yẹ̀ wò. Ohun tí a jẹ ṣáájú ń yí adùn ohun tí ó tẹ̀lé e padà. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú igbó wa: àgbáyun, èso pupa kékeré nì. Ẹni tí ó bá lá àgbáyun tán, ọsàn wẹ́wẹ́ a dùn lẹ́nu rẹ̀. Des Marchais, arìnrìn-àjò ará Faransé kan, ti rí i ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1725. Ní 1968 ni àwọn onímọ̀ rí èròjà tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Bákan náà, bí àsun bá ta jù, ata a máa mú kí ọtí inú wáìnì jó ọ̀fun, kí tánìnì sì le sí i. Nítorí náà, wáìnì tí kò ní tánìnì púpọ̀ ni ó yẹ àsun. Ẹran tí kò ní ata púpọ̀ ni ó ń rọ̀ ọ́ lójú, nítorí pé tánìnì a lẹ̀ mọ́ ẹran dípò kí ó lẹ̀ mọ́ itọ́.

Àwọn àgbègbè wáìnì ní ilẹ̀ Faransé pọ̀, ìwé sì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà wọ́n tán. Mẹ́rin péré ni n ó dárúkọ. Ní Bordeaux, lápá òsì odò Gironde, àjàrà Cabernet Sauvignon ni ó gbajúmọ̀: ó gbẹ ẹnu, ó sì fẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Lápá ọ̀tún, ní Saint-Émilion àti Pomerol, Merlot ni ó pọ̀, ó sì sábà máa ń rọ̀ ju ti òdìkejì lọ. Ní Bourgogne, Pinot Noir ni. Àwọ̀ rẹ̀ kò dúdú, ó kan díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ni ẹwà rẹ̀. Gamay ni ti Beaujolais. Tuntun rẹ̀ a máa jáde ní Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù Kọkànlá lọ́dọọdún, òun ni ó sì jọ ẹmu òwúrọ̀ jù lójú tèmi. Ní àfonífojì Rhône, Syrah ni a ń bá pàdé lápá àríwá, Grenache sì ni ó pọ̀ lápá gúúsù. Òfin tí ó de orúkọ ilẹ̀ mọ́ wáìnì, tí a ń rí lára ìgò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ appellation contrôlée, ti wà láti 1935.

Mo ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ń fi iye owó yan wáìnì. Kì í ṣe Ṣàngó nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 1855, nígbà tí Napoléon Kẹta ń ṣe ìpàtẹ ńlá ní Paris, àwọn alágbàtà Bordeaux to àwọn wáìnì Médoc sí ipò márùn-ún, iye tí wọ́n ń tà wọ́n lọ́jà ni wọ́n sì gbé ìdájọ́ náà kà. Ètò náà ni a ṣì ń lò. Ní 1973 ni a gbé Château Mouton Rothschild gòkè sí ipò kìn-ín-ní. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, 1976, Steven Spurrier, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ta wáìnì ní Paris, pe àwọn onídàájọ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n jẹ́ ọmọ Faransé, ó sì fi orúkọ gbogbo ìgò pamọ́ fún wọn. Wáìnì pupa tí wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́ ni Stag's Leap ti 1973, láti California ní Amẹ́ríkà. Mouton ti 1970 wà lára àwọn tí ó borí.

Ìdánwò kejì ni ó kan olùkọ́ èdè jù. Morrot, Brochet àti Dubourdieu ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001. Wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ 54 tí ń kọ́ iṣẹ́ wáìnì ní Bordeaux ní wáìnì funfun tí a ti fi aró tí kò ní òórùn sọ di pupa. Ọ̀rọ̀ wáìnì pupa ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ṣàpèjúwe òórùn rẹ̀. Ojú rí pupa, ọ̀rọ̀ tẹ̀lé ojú, imú kò rí àyè sọ̀rọ̀. Bí ọmọ Bordeaux tí a bí sáàrin àjàrà bá lè fi ọ̀rọ̀ tí ó ti há sórí bo ohun tí imú rẹ̀ gbọ́ mọ́lẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Ọ̀tà tí ó há ọ̀rọ̀ cassis sórí láìrí i rí?

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa ooru. Ìwé òyìnbó sọ pé kí a mu wáìnì pupa bí iyàrá bá ti gbóná tó, chambré ni wọ́n ń pè é. Iyàrá tí wọ́n ń wí ni iyàrá ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Faransé, tí kì í ju nǹkan bí digírì 18 lọ. Ọ̀sán ní Ṣàngó a máa kọjá 30. Ní irú ooru bẹ́ẹ̀ ọtí nìkan ni imú yóò gbọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé kò yẹ kí wáìnì pupa wọ fíríìjì, òfin ilẹ̀ olótùútù ni ó ń kà; ẹ fi í síbẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan, bí iná bá wà. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún ìgò tí ó ti pẹ́ nínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù. Bí kọ́ọ̀kì rẹ̀ bá ti ń yọrí sókè, tàbí tí ọrùn ìgò ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ooru ti se é nínú ìgò, orúkọ ńlá tí ó wà lára rẹ̀ kò sì lè gbà á là.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yín kì í mu ọtí, yálà nítorí ọjọ́ orí tàbí nítorí ẹ̀sìn, ẹ lè fi ohun mìíràn kọ́ wọn. Ẹ po tíì dúdú tí kò ní ṣúgà sínú ife kan, omi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú èkejì, omi ewúro sínú ẹ̀kẹta, kí ẹ sì da méjì nínú wọn pọ̀ sínú ẹ̀kẹrin. Ẹ fi aṣọ bo ojú wọn. Kí oníkálukú kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, nítorí pé bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti là ẹnu, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni gbogbo kíláàsì yóò máa gbọ́ nínú ife. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ, kí wọ́n sì jiyàn lórí rẹ̀: ta ni ó pe gbígbẹ ẹnu ní kíkorò, ta ni ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀?